Koríko tó bo adágún: ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń jẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní adágún tí koríko fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi ti rí nídìí iṣẹ́ kíkó koríko omi. Kíkó nìkan ò lè tán an. Water hyacinth, koríko tó máa ń léfòó lójú omi yẹn, tí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tóúnjẹ sì wà fún un, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì péré, kẹ́ ẹ tó kó apá ọ̀tún tán apá òsì ti kún, hóró ẹ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún bí 20 ọdún kó ṣì hù. Ojú oró tá a fi ń ṣàdúrà pé òun ní í lékè omi náà wà lára àwọn tó ń dà wá láàmú o, àdúrà yẹn ti gbà jù!

Kí ló wá ń jẹ? Ajílẹ̀ tójò ń gbá wá látoko ni, omi sókáwéè tó ń jò, omi ọṣẹ. Tójò ńlá bá ti dá, ẹ rìn yí adágún yẹn ká kẹ́ ẹ wo gbogbo ibi tí omi ti ń wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni koríko ti máa ń ki jù, àfi tí atẹ́gùn bá ti gbá a lọ sápá ibòmíì. Kẹ́ ẹ sì yéé gé igbó etí omi mọ́lẹ̀ pátápátá, òun ló ń bá yín mú ìdọ̀tí dúró.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fín oògùn sí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má dá a lóhùn. Koríko tó kú á jẹrà, jíjẹrà yẹn ló máa gba ọ́síjìn inú omi tán. Mo ti rí i rí ní ìdájí, ẹja ń yọ ẹnu lójú omi, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa àwọn kan ti dojú ikùn sókè. Apá kan-apá kan ni kẹ́ ẹ máa fín, oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún omi nìkan.

Hydrilla, koríko tó ń hù lábẹ́ omi, ní tiẹ̀, ẹ má fi àdá ṣá a o, torí gbogbo ègé tó bá já ló lè di tuntun. Ẹ yẹ ìdákọ̀ró àti fáànù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sómi míì, kẹ́ ẹ da omi inú ẹ̀ nù, kó gbẹ. Èyí tẹ́ ẹ bá kó jáde, ẹ jẹ́ kómi ro lára ẹ̀ kó fúyẹ́ kẹ́ ẹ tó rù ú, àmọ́ ẹ gbé e jìnnà sétí omi, tó bá jẹrà síbẹ̀ oúnjẹ yẹn náà ló tún ń padà sínú adágún.

Kòkòrò kékeré kan tún wà tó ń jẹ water hyacinth, Neochetina lorúkọ ẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá bíi koríko náà fúnra ẹ̀, wọ́n lò ó ní Lake Victoria, adágún ńlá tó wà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Kì í yá, ó lè gba ọdún mélòó kan. Tí ìjọba bá ti tú u sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi koríko díẹ̀ sílẹ̀ fún un níbì kan, torí water hyacinth nìkan ló ń jẹ, tẹ́ ẹ bá kó o tán pátá kòkòrò náà á kú tán, tí hóró inú ẹrẹ̀ bá wá hù, kò ní sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́.