Ta Ló Gbé Omi Mímọ́ Lé Sátánì Lórí?

Àyà mi ṣì ń já di ìsinsìnyí. Rennes-le-Château ni mo lọ, abúlé kan ní gúúsù Faransé tí àwọn olùgbé rẹ̀ ò tó 100. Láti Carcassonne, ẹ ó máa bá odò Aude lọ, ẹ ó kọjá Limoux, ẹ ó dé Couiza. Couiza ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti parí. Ìyókù, òkè ni: bíi kìlómítà 4, kọ́nà lórí kọ́nà, ibòji ò sì pọ̀. Omi mi tán kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, èmi alákọ̀wé!

Bí mo ṣe yọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Magidalénì, mo kó wọlé gìrọ̀gìrọ̀. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ọmọ Àgùdà ni mí, ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà ibi omi mímọ́. Mo tì í bọ omi, mo wò ó… ojú kòǹgbà, ẹnu yànmù, ìwo! Sátánì ló kúnlẹ̀, tó ru àwo omi mímọ́! “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Ṣọ́ọ̀ṣì gbè é. Ìyá òyìnbó kan tó ń tan àbẹ́là yíjú sí mi, ó ń wò mí bíi pé èmi gan-an ni mo hùwo.

Lóòótọ́, áńgẹ́lì 4 dúró lé e lórí, wọ́n ń ṣe àmì àgbélébùú. Ta ló ń wo òkè nígbà yẹn? Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ Jékọ́bù sókè ilẹ̀kùn pé ibẹ̀ ba ni lẹ́rù. Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́!

Fáda Bérenger Saunière ló gbé Sátánì yẹn síbẹ̀. Ọdún 1885 ló dé abúlé yìí. Ó tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ó kọ́ ilé ńlá kan, Villa Béthanie, ó kọ́ ilé ìṣọ́ kan, Tour Magdala, láti kó ìwé rẹ̀ sí. Níbo lowó ti wá? Owó Máàsì ni, èyí táwọn èèyàn ń san kí fáda lè ṣe Máàsì fún wọn! Ilé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Carcassonne dá a lẹ́bi: ó ń gba owó Máàsì tí ẹnu ẹnì kan ò lè ṣe tán.

Ó kú ní 1917. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, Marie Dénarnaud, ló ni ilé náà, ó sì tà á fún Noël Corbu. Corbu sọ ọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì. Ní 1956, ó ròyìn fún oníwèé ìròyìn pé ìṣúra ni Fáda rí. Ha! Oníbàárà ya wọ̀lú, tàwọn ti ṣọ́bìrì, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété. Wúrà kankan ò jáde. Ẹni tó ń ta oúnjẹ fún wọn ló jèrè. Ní 1965, ìjọba abúlé fòfin dè é: ilẹ̀ gbígbẹ́, èèwọ̀. Ẹnu ọ̀nà abúlé ni wọ́n kọ ọ́ sí, lédè Faransé, kò sí Látìnì kankan ńbẹ̀.