Irun Kan, Orí Méjì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Irun Dídì

Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé lé ọmọ mi ọkùnrin padà wálé nítorí irun tí mo dì fún un, ni ọmọbìnrin òyìnbó kan wọ ìsọ̀ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní irun inú àwòrán yẹn ni òun fẹ́. Ìlà méjì gbọọrọ ni, láti iwájú orí dé ìpàkó, ẹbí kan náà pẹ̀lú kólẹ́sẹ̀ tí ìyá mi máa ń dì fún mi nígbà èwe. Ọmọ náà ń pè é ní irun àwọn afẹ̀ṣẹ́jà. Lẹ́tà ilé ìwé ṣì wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé irun bẹ́ẹ̀ jọ ti àwọn ọmọ ìta. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé n kì í dirun fún olè. Ẹkún ló bá jáde. Màmá àgbàlagbà kan, tí mo ń fi òòyà la irun rẹ̀ lọ́wọ́, dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé: “Ọmọ mi, ṣé ọmọ yìí ló kọ lẹ́tà náà?”

Ìbéèrè yẹn ni mo máa ń rántí bí wọ́n bá bi mí bóyá ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni kí ènìyàn gbé àṣà tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ̀. Ánkárá tí àwa náà fi ń ṣe aṣọ ẹbí, bátíìkì àwọn ará Java ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì tó ń jọba lé wọn lórí fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò sì lé ọmọ Java kankan níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ibi tí irun ti di ẹwà lórí ẹni tó yá a, tó sì di ẹ̀sùn lórí ẹni tó jogún rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀yàmẹ̀yà wà.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1979, Bo Derek, òṣèrébìnrin òyìnbó, dirun nínú fíìmù kan, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ pe irun náà. Ní 1980, Renee Rogers, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ní American Airlines, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, dirun lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní ó lòdì sí òfin àwọn. Ó pe ẹjọ́ ní New York, ṣùgbọ́n ní 1981 ilé ẹjọ́ kò dá a láre lórí ọ̀rọ̀ irun náà; ó tilẹ̀ wà nínú ìdájọ́ pé kò pẹ́ tí òṣèrébìnrin òyìnbó kan sọ irun náà di ìlúmọ̀ọ́ká ni Rogers dì í wá síbi iṣẹ́. Irun tí àwọn ìyá ńlá rẹ̀ gbé sórí la òkun kọjá! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nítorí náà, bí ó bá kan ọmọ yín, ẹni tó ṣòfin ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ ní kí ilé ìwé fún yín ní òfin irun wọn ní àkọsílẹ̀. Ẹ tọ́ka sí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga Lọ́ńdọ̀nù ní 2011, níbi tí ọmọkùnrin kan tí wọ́n pè ní G ti jàre ilé ìwé tó ka irun dídì léèwọ̀. Adájọ́ ní òfin tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀tanú ẹ̀yà tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Ní oṣù Kẹwàá 2022, àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Bìrìtìkó náà kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwé lórí irú òfin bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ni mo fi sínú lẹ́tà tèmi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Bí òyìnbó bá jókòó sórí àga mi nísinsìnyí, mo máa ń kọ́ ọ ní orúkọ irun náà kí òòyà tó kan orí rẹ̀: ṣùkú, kólẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́. N kò rí ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn mọ́, ó sì ń dùn mí.

Nígbà tí ilé ìwé ní kí ọmọ mi padà, mo tún irun rẹ̀ dì ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, ìlà mẹ́jọ. Ó jókòó sáàárín orúnkún mi, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo fi ìka ta òróró sí ojú ìlà, mo ní kí ó tẹ orí síwájú.