Alẹ́ Àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba: Ọ̀rọ̀ Ibùwọ̀ fún Àwọn Ọmọ Ìkòròdú Tó Ń Rìnrìn Àjò

Lóṣù Kejìlá, tí àwa tí a wà lókè òkun bá ti dé Ìkòròdú, ìbéèrè ni àwọn ará àdúgbò fi ń kí wa káàbọ̀. Ṣé físà ṣì ń jáde? Èló ni tíkẹ́ẹ̀tì báyìí? Ṣé òtútù yẹn le tó bí wọ́n ṣe ń wí, àbí kí èèyàn ra kóòtù òkìríkà ní Sábọ̀ kó tó lọ? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí òun máa sùn lálẹ́ ọjọ́ tí bàálù bá gúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ń di ẹni tí kì í kíra mọ́, ibẹ̀ náà ni àwọn oníjìbìtì lúgọ sí. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Mo ti rí ọmọ ilé ire, ọmọ Ìgbógbó, tó ń wọ́ àpótí méjì kiri ìlú Leeds nínú òjò, torí pé ẹni tó ní òun máa gbà á sílé kò gbé fóònù mọ́.

Ẹni tó bá ti gba ilé ní Ìkòròdú rí mọ bí tiwa ṣe ń lọ. Éjẹ́ǹtì á gbé ọ sẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ ó wo yàrá kan ní Àgíríìkì, ẹ ó wo òmíràn lọ́nà Ìjẹ̀dé. Tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, owó ilé, owó àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n, káúṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó tó jáde ní 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san owó ọdọọdún, àmọ́ àwọn onílé tó ṣì ń béèrè ọdún méjì kò lóǹkà.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń san owó ilé. Láti 1 June 2019, òfin ti ní éjẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ayálégbé. Káúṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní dípọ́síìtì, kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ilé tí owó rẹ̀ kò tó £50,000 lọ́dún, owó tí wọ́n sì ń gbà láti fi di ilé mú dè ọ́ kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Láàárín 30 ọjọ́, onílé gbọ́dọ̀ fi dípọ́síìtì náà sábẹ́ ààbò ọ̀kan nínú àwọn àjọ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí. Tí a bá fi ojú òfin wò ó, ara tu ayálégbé lọ́hùn-ún ju tiwa lọ.

Ibi tí àlejò ti ń kọsẹ̀ ni pé onílé fẹ́ rí ìwé owó oṣù, ó fẹ́ rí ẹ̀rí pé o ti ń san owó ilé ní ìlú náà rí, ó sì fẹ́ onídùúró tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó gúnlẹ̀ lánàá kò ní ìkankan. Nítorí èyí ni àwọn onílé fi máa ń ní kó san oṣù mẹ́fà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ ìdílé tó ta ilẹ̀ ní Ìmọ̀ta torí irú owó yẹn. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2025 ní láti 1 May 2026, onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù kan lọ ṣáájú. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n onílé ṣì lómìnira láti fi ọ́ sílẹ̀ kó mú nọ́ọ̀sì tó ti ń gbowó oṣù láti ọdún mẹ́ta. Ilé káńsù, ìyẹn ilé olówó pọ́ọ́kú ti ìjọba ìbílẹ̀, ńkọ́? Ẹ má fọkàn sí i. Físà akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́ kò fàyè gba ìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí àlejò nílò kọ́kọ́ ni ibùwọ̀ olówó pọ́ọ́kú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Láàárín ìgbà náà, á ṣí àkáǹtì ní báǹkì, á gba owó oṣù àkọ́kọ́, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin àdúgbò, á fi ojú ara rẹ̀ wo ilé. (Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò kò ní kó o mú ẹ̀rí àdírẹ́sì wá, tí wọ́n bá dá ọ padà torí ìyẹn, rora ṣàlàyé fún wọn pé NHS, àjọ ìlera ìjọba, kò sọ ọ́ di dandan.)

Ilé ará ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́kọ́ wọ̀ sí, èmi náà ò sì yàtọ̀. Obìnrin kan, ará Ìjẹ̀dé, ló gbà mí sílé ní Leeds. Ó bá mi gbé àpótí wọlé, ó fún mi ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sí ìdí fíríìjì. Ìwé kan wà lára rẹ̀ tó ti fi bírò kọ: £60 lọ́sẹ̀, pẹpẹ kejì láti ìsàlẹ̀ ni tèmi, ẹ̀rọ amúlé-móoru máa kú ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí mo bá dín ẹja, kí n ṣí fèrèsé kí aago èéfín má baà ké. Ìlà tó kẹ́yìn ni ọjọ́ tí mo máa kó jáde. Ó ní kí n fọwọ́ sí i, òun náà fọwọ́ sí i, ó sì yà á sí fóònù. Ó ní, “Àbúrò mi, mo fẹ́ ká ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.” A ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ dòní. Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀ ló jẹ́ kí n tètè wá ilé, òun náà ló sì jẹ́ kí n lè sùn láìbẹ̀rù pé wọ́n ti ń kùn sí mi nínú yàrá kejì.

Mo ti rí ìdàkejì rẹ̀ púpọ̀. “Jókòó sọ́dọ̀ wa títí Ọlọ́run á fi ṣe é.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹni tó sọ ọ́ sì ní in lọ́kàn. Àmọ́ ilé oníyàrá méjì ni, ọmọ mẹ́ta wà níbẹ̀, owó iná ń gorí ara wọn. Tó bá di oṣù kẹta, ìyàwó ilé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Àlejò ò mọ ohun tó ṣe, onílé ò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́, ó sì di lálẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ bú sẹ́nu ọ̀nà. Èrò mi ò yí padà lórí èyí: ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ dénú, kó sọ ọjọ́ tí o máa kó jáde fún ọ kó tó sọ ibi tí ìkòkò wà.

Òfin gan-an ń fi hàn pé irú ìwé ara fíríìjì yẹn ṣe kókó. Ẹni tó bá ń gbé yàrá kan nínú ilé tí onílé náà ń gbé kò ní ààbò tí ayálégbé gidi ní. Kò di dandan kí wọ́n dáàbò bo dípọ́síìtì rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ kankan, ìkìlọ̀ díẹ̀ sì ti tó láti ní kó jáde. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lo ń sanwó, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan lè tó. Tí ẹni tó gbà ọ́ sílé bá jẹ́ ayálégbé náà, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, láti 1 February 2016, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó ilé lọ́wọ́ èèyàn jákèjádò Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ìgbélùú rẹ̀ wò. Láti orí eVisa rẹ, ìyẹn ẹ̀rí físà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lo ti máa gba kóòdù tí wàá fún un. Lẹ́tà R ló ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó jẹ́ ti ilé gbígbà, 90 ọjọ́ ló sì ń lò. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó wá gba ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sílé, owó ìtanràn rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lè tó £5,000 lórí àlejò kan tó ń gbé yàrá nínú ilé rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n bá ní kó o mú kóòdù wá, má rò pé kò fọkàn tán ọ. Scotland àti Wales kò ní òfin yíyẹ̀wò yìí.

Ẹni tí kò ní ará kankan lọ́hùn-ún ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ọmọbìnrin kan tó jáde ní Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Èkó (LASUSTECH) tó wà ní Odògùnyàn ń múra láti lọ kàwé sí i ní Manchester. Òun àti ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bútè, wá bá mi kí n bá wọn wo yàrá kan tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí yàrá ń lọ ní àdúgbò yẹn. Onílé ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Spain, pé kí wọ́n san oṣù kan àti dípọ́síìtì, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Mo ní kó fẹ àwòrán náà lójú fóònù. Ibùsùn dára, kọ́tìnì funfun. Mo wá wo ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà: ojú pẹlẹbẹ méjì tó dúró ṣánṣán, ihò roboto kan lábẹ́ wọn. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú pálọ̀ wa ní Ìkòròdú, ojú mẹ́ta onígun mẹ́rin. Wọn ò ya àwòrán yẹn nítòsí Manchester rárá. Ìyá ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ó kàn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á, ó fi sínú báàgì rẹ̀. Owó àjọ rẹ̀ ni wọn ì bá fi san án.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń sọ fún gbogbo èèyàn: má sanwó yàrá tí ìwọ tàbí ẹni tí o fọkàn tán kò fi ojú rí. Tí kò bá sí ẹni tó lè bá ọ débẹ̀, kí onílé pè ọ́ lórí fídíò, kó ṣí omi ẹ̀rọ, kó jáde síta kó fi nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà hàn ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní àǹfààní kan: ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé gbígbé wà ní yunifásítì, ẹni tó bá tètè kọ̀wé sí wọn lè rí yàrá kó tó kúrò nílé. Nígbà ooru, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọlé, àwọn yunifásítì kan máa ń fi yàrá háyà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń dé lóṣù Kìíní ni yàrá máa ń ṣọ̀wọ́n fún, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ṣáájú àwọn yòókù.

Mo fẹ́ sọ ti ilé tí wọ́n ń kó èèyàn jọ sí náà. Bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń sùn níbi tí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ilé tí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn kì í ṣe ìdílé kan náà bá ń pín ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀ lò, dandan ni kí onílé gba láísẹ́ǹsì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, láti October 2018, yàrá tí àgbàlagbà kan máa sùn kò gbọdọ̀ kéré sí mítà 6.51 níbùú lóròó (m²), ìyẹn bíi yàrá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, tí òró rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ti ẹni méjì kò gbọdọ̀ kéré sí 10.22. Yàrá “ten by twelve” tí a mọ̀ dáadáa nílé ju ìyẹn lọ díẹ̀. Tí wọ́n bá wá ní kí ẹ jẹ́ mẹ́rin nínú yàrá tó kéré sí i, ẹ lè fi tó káńsù létí.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, àwọn bàbá wa sì ti wá nǹkan ṣe sí i rí. Láyé ìjọba amúnisìn, onílé ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ lójú ẹni pé òun kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ọdún 1968 ni òfin tó dẹ́kun ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ ilé tó jáde. Ní 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sierra Leone dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, WASU. Ilé tí àlejò máa dé sí wà lára ohun tó jẹ wọ́n lógún jù. Ṣólańkẹ́ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1929, ó ń ti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń gba owó ìdáwó jọ títí di 1932. Ní 1933, ilé náà ṣí ní Camden. Owó ará ilé, láìtíì sí ìtakùn ayélujára, láìtíì sí fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ẹgbẹ́ ọmọ Ìkòròdú ń bẹ káàkiri báyìí. A ń ra aṣọ ẹbí, a ń gba gbọ̀ngán, kò sì burú, inú dídùn yẹ wá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ilé kan. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, ilé oníyàrá mẹ́ta lé díẹ̀ ní £1,000 lóṣù. Tí àlejò mẹ́ta bá ń san £60 lọ́sẹ̀ kálukú, £780 lóṣù nìyẹn. Tí èèyàn 20 nínú wa bá ń dá £25 lóṣù, £500 nìyẹn, ó máa dí ohun tó kù, ó sì máa kan iná àti omi. Ẹgbẹ́ ni kó gba ilé náà lórúkọ ara rẹ̀, kí onílé mọ ohun tí a fẹ́ lò ó fún, kí a bi káńsù bóyá a nílò láísẹ́ǹsì, torí àwọn káńsù kan ń béèrè rẹ̀ fún ẹni mẹ́ta pàápàá. A ó máa yẹ ìwé ìgbélùú wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kálukú máa lò, a ò ní fi ọjọ́ kan lé e fún ọmọ ọba tàbí ọmọ ìjòyè. Kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan á wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e. Obìnrin á ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì.

Àwọn kan ti gbà láti dá sí i. Ẹni tó bá wà ní Leeds, Bradford tàbí Manchester tó sì fẹ́ bá wa ṣe é, kó kàn sí mi kí oṣù Kẹjọ tó parí, torí oṣù Kẹsàn-án ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ya wọlé.