Ogójì gééré ni wá: èmi àtàwọn ọmọ JSS 2 ní Àgbádárìgì

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo ti dúró sẹ́nu géètì ilé ìwé wa ní Súrùlérè, orúkọ ọmọ méjìdínlógójì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ìgboro ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, bẹ́ẹ̀ Èkó tí ọ̀sà yí ká ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń bẹ àwọn òbí kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, kí wọ́n sì san owó ẹ̀sìkọ́ṣọ̀n lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun láyé àtijọ́. Ìyá kan bi mí pé, “Àǹtí, ṣebí gbogbo ìtàn òwò ẹrú yẹn wà nínú ìwé wọn?” Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú ìwé méjì péré ni.

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ la bá lọ láti Mile 2 títí a fi kọjá Òkòkómáìkó. Nígbà tí igi àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ojú àwọn tó ti sùn lọ là.

A kọ́kọ́ yà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ti ìjọ Áńgílíkà, kọ́ parí ní 1845. Níwájú Bíbélì Àjàyí Crowther, mo sọ fún wọn pé ọmọdé bíi tiwọn ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì tún sáré padà sórí àtẹ̀gùn.

Ilé ẹrú Séríkì Abass ló mú wọn dákẹ́. Yàrá tóóró, fèrèsé kékeré kan lókè. Afinimọ̀nà ní ogójì èèyàn ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kan ṣoṣo, àti pé agboòrùn kan ni wọ́n ń fi pààrọ̀ ogójì ẹrú. Ọmọbìnrin kan wò yíká, ó ń fi ìka kà. “Àǹtí, tí a bá ka ẹ̀yin àti ọ̀gá wa mọ́ ọn, ogójì gééré ni wá.”

Wọ́n ní ká jọ wọlé. A gbìyànjú. A ò tíì tó ìdajì tí apá ò fi ṣe é gbé mọ́, tí ooru mú, tí ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí gbogbo wọn jáde kíá.

Ìta la wà tí afinimọ̀nà fi sọ ọ́ pé wọ́n ta Séríkì Abass fúnra rẹ̀ lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, kó tó di oníṣòwò ẹrú. Ọmọbìnrin yẹn tún nawọ́. “Wọ́n mú Àjàyí lẹ́rú, wọ́n mú òun náà. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń túmọ̀ Bíbélì, tí èkejì fi ń ta èèyàn?” Mi ò rí èsì fún un. Ibi méjì ṣì wà tó yẹ ká dé, mo fagi lé wọn, ká lè jókòó sábẹ́ igi ká sọ ọ́.

Ní ọ̀sán, a wọkọ̀ sọdá sí erékùṣù Gberefu. Bàbá ọlọ́kọ̀ ń fi èdè Ògù, èyí tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, pariwo, kò yé wa. Àfi bí ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ṣe dá a lóhùn! “Bàbá ní ká má nawọ́ síta, ká pín ara wa sọ́tùn-ún sósì.” Mo mọ ìdí tó fi ń pa á mọ́ látọjọ́ yìí, a máa ń fi “Ẹ̀gùn” bú èèyàn ní Èkó, ó sì ń dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn fẹ́ jókòó sí.

Iyanrìn gbóná. A dé ìdí kànga tí wọ́n ní wọ́n ti ń fún ẹrú lómi mu kó lè gbàgbé ilé, a rìn títí dé etí òkun níbi tí àwọn ẹrú ti ń wọkọ̀ lọ láìsí àbọ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́wàá ni mo tẹ̀ sínú ìwé tí mo pín fún wọn láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ò dáhùn ju mẹ́ta lọ, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Láti Àgbárá ni wọ́n ti ń jiyàn lórí Àjàyí àti Séríkì. Nígbà tí a dé géètì ní aago méje alẹ́, ọmọbìnrin yẹn ò tíì bọ́ sílẹ̀ tán tó ti ń bi màmá rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà.