Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Mọ Ojú Yín Kí Oṣù Kẹta Tó Dé

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ilé ìwé gíga míì gbà mí. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì ń dùn mí, òun ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dún àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe transfer, ìyẹn kẹ́ ẹ kúrò nílé ìwé tẹ́ ẹ wà lọ sí ilé ìwé ńlá, ẹ mọ bó ṣe ń ká èèyàn mọ́. Ìparí oṣù kẹjọ lẹ wọlé; ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, fọ́ọ̀mù Harvard ti tì, ti Cornell tì ní ọjọ́ 15. Máàkì sáà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín.

Máàkì ò yọ mí lẹ́nu. Lẹ́tà tí olùkọ́ máa fi jẹ́rìí sí mi ni. Kíláàsì kẹ́mísírì wa, a lé ní 300 nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò béèrè ìbéèrè rí. Nílé wa, ọmọ tó bá dákẹ́ níwájú àgbà la máa ń yìn. (Mi ò bú ẹ̀kọ́ ilé o. Òun náà ló jẹ́ kí n máa kàwé.)

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí fọ́ọ̀mù tì, mo kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olùkọ́ kẹ́mísírì wa. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kíláàsì òun wo ni mo wà. Mo dárúkọ. Ó ní kí n tún un pè. Ó wá ṣí ìwé orúkọ sórí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka wá mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, òógùn ọwọ́ mi ti mú bébà Mid-Term Report (ibi tí olùkọ́ ti ń sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe sí láàárín sáà) tó yẹ kó buwọ́ lù rọ̀. Ó rí mi. Ó rí A mi. Ó ní, "Màá buwọ́ lu eléyìí, ṣùgbọ́n kí ni kí n kọ nípa rẹ?"

Kò ṣẹ̀ mí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mi ò lè pe màmá mi, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, wọ́n ń sùn. Gbogbo ilé ìwé tí mo kọ̀wé sí ló kọ̀ mí.

Lọ́dún kejì mo jókòó síwájú, mo tún kọ̀wé, ọ̀kan gbà mí. Olùkọ́ yẹn kan náà ló kọ lẹ́tà.

Nítorí náà, ẹ lọ rí olùkọ́ yín. Ẹ wádìí bóyá wọ́n ń gba transfer rárá: láti 1990 títí di 2018 ni Princeton fi ti ilẹ̀kùn yìí. Ẹ béèrè owó ìrànwọ́ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, torí ti transfer lè yàtọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ lè tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ rí olùkọ́ yín, láti oṣù kẹsàn-án, ní wákàtí tó yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni méjì péré ni mo máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìbéèrè kan látinú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mú dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a sì lo ìṣẹ́jú 40 lórí ẹ̀.