Ọ̀nà Ọ̀fun: Àyẹ̀wò Ọdún Tí Mo Gba Òrùka Síkùn

Òṣùwọ̀n tí mo gùn láàárọ̀ yìí ka kílò 91. Lọ́jọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí kan náà, kílò 118 ló kà, mo sì fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ bíi pé òun ló bá mi jẹ gbogbo oúnjẹ yẹn. Ká ní kílò 27 tó lọ yìí nìkan ni mo fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò ọdún ni, ǹ bá kàn dúpẹ́ kí n lọ sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bi mí lábẹ́lẹ̀ pé kí ni mo lò ti pọ̀ ju ohun tí mo lè máa fi ẹ̀rín dá lóhùn lọ.

Mi ò lo oògùn kankan. Iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe. Wọ́n fi òrùka sí mi níkùn.

Sílíkóònù ni òrùka náà, inú rẹ̀ ṣófo bíi ti rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́. Òkè àpòlúkù ni wọ́n fi dè, nítòsí ibi tí oúnjẹ ti ń bọ́ láti ọ̀fun, tó fi jẹ́ pé àpò kékeré kan ló wà lókè òrùka, àpòlúkù tó kù sì wà nísàlẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ ti tó láti kún àpò kékeré yẹn, á wá máa rọra gba àárín òrùka kọjá. Rọ́bà tín-ín-rín kan ti ara òrùka wá síbi kinní kan tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ awọ ikùn mi. Bí mo bá tẹ ibẹ̀, ó le bíi bọ́tìnnì kóòtù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ láti fi omi iyọ̀ sínú òrùka. Bí omi bá pọ̀, òrùka á fún. Bí wọ́n bá fà á jáde, òrùka á dẹ̀. Wọn ò gé nǹkan kan kúrò lára mi, wọn ò sì yí ìfun mi padà. Ohun tó jẹ́ kí n yàn án nìyẹn. Ẹ̀rù gígé ń bà mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́.

Dókítà sọ fún mi pé ohun tí ayé ti ń fi sílẹ̀ ni mo ń béèrè. Lóòótọ́ ni. Mitiku Belachew, ọmọ Etiópíà tó di oníṣẹ́ abẹ ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló kọ́kọ́ gba ojú ihò kéékèèké fi irú òrùka tó ṣeé fún, tó ṣeé dẹ̀ yìí sí ènìyàn lára lọ́dún 1993. Lọ́dún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ó sì gbòde kan fún bí ọdún mẹ́wàá. Lónìí, ọ̀pọ̀ dókítà ti yà sí gígé àpòlúkù, nítorí òrùka a máa yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, nígbà mìíràn a máa jẹ wọ inú àpòlúkù, àwọn tó sì padà yọ ọ́ kò kéré. Gbogbo ẹ̀ ló là sílẹ̀ fún mi. Mo ní òrùka náà ni mo fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí n fi ṣúgà, ọ̀rá àti oúnjẹ oníyẹ̀fun sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dán mi wò ni. Àṣé ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń bá wí: ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra tó mi sábà máa ń tóbi, ó sì bo orí àpòlúkù, bí kò bá súnkì, dókítà ò ní ríbi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣiṣẹ́.

Ihò márùn-ún ni wọ́n lu sí mi níkùn. Nígbà tí mo jí, ikùn kọ́ ló ń dùn mí jù, èjìká òsì ni. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n já mi lulẹ̀ nígbà tí mo sùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gáàsì tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn kí wọ́n lè ríran ló ń ta iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, èjìká ni ìrora ibẹ̀ máa ń yọ sí. Ó ní kí n dìde rìn. Mo rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lọ, mo rìn ín bọ̀, títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi ni: omi ẹran tí wọ́n sẹ́, wàrà, omi èso. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, gbogbo nǹkan lílọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ibi tó le ni ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ojú iṣẹ́ abẹ ti jinná nínú, wíwú ti lọ, omi ò sì tíì sí nínú òrùka. Ebi padà dé, ó dé bí olówó èlé tó gbọ́ pé owó ti wọlé. Mo ń jẹun bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó dá mi dúró, mo sì ń sunkún lórí ibùsùn pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé á rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í rántí ìkìlọ̀.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n kọ́kọ́ fi omi sí i. Mo sùn sílẹ̀, wọ́n ní kí n gbé orí sókè kí ikùn le, nọ́ọ̀sì fi ìka wá bọ́tìnnì yẹn títí ó fi rí i, ó gún un. Mìlílítà 3. Kò dùn tó abẹ́rẹ́ ibà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ife omi fún mi kí n mu ún níjòókòó, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn lọ láìjẹ́ pé wọ́n rí i pé omi ń kọjá.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń ro tíì ni mo ń lò. Mo bu oúnjẹ sẹ́nu, mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo rún un lẹ́nu ní ogún ìgbà, mo gbé e mì, mo dúró. Mi ò gbọdọ̀ fi omi sin oúnjẹ. Bí mo bá jẹun tán, ó di ìdajì wákàtí kí n tó mumi. Ọkọ mi á jẹ tirẹ̀ tán, á fọ àwo, á wá jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Má ṣe ìyọnu, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Mo ní ta ni ẹlẹ́dẹ̀? Ó sá jáde.

Oṣù Ẹ̀bibi ni mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pé oúnjẹ há. Ibi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ẹran àyà adìyẹ ló wà lẹ́nu mi, ó gbẹ, mo ti kà á dé méje tàbí mẹ́jọ, ni ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká láti kí mi. Mo gbé e mì kí n lè dáhùn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi dà bíi pé wọ́n fi ìkúùkù tẹ àárín àyà mi. Mò ń mí dáadáa o, kì í ṣe ọ̀nà èémí ló dí. Ṣùgbọ́n ẹran yẹn jókòó sórí òrùka, kò lọ, kò bọ̀. Ni itọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun lẹ́nu mi, ó ki, ó ń fà bíi gọ́ọ̀mù, bí mo ṣe ń tu ú sínú táwẹ́ẹ̀lì pépà ni òmíràn ń kún. Mo wá ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe: mo mumi lé e. Omi náà jókòó lé ẹran lórí, ó sì gba ọ̀nà tó bá wọlé jáde. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nínú aṣọ tí mo rán fún ọjọ́ yẹn, tí mo fi orí ti ògiri. Ẹran tó padà bọ́ jáde kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìyá mi ti ń sọ ọ́ fún mi láti kékeré, mo rò pé òwe lásán ni.

Ìgbà tó di oṣù Òkúdu, wọ́n ti fi omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bọ́ sójú ẹ̀. Mo ń jẹ ìwọ̀nba, mo ń yó, wákàtí mẹ́rin á kọjá kí n tó rántí oúnjẹ. Irun mi ń já lásìkò yẹn, ìdì ìdì nínú kóòmù. Wọ́n ní ara tó bá rù kíákíá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, pé á padà hù. Ó ti ń hù báyìí, ó dúró ṣánṣán níwájú orí mi bíi ti ọmọ tuntun.

Ibi tí mi ò fẹ́ kọ ló kàn. Láti oṣù Agẹmọ, òṣùwọ̀n dúró sójú kan, kílò 97. Gbogbo ènìyàn ló rò pé ara mi ló ń sinmi. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti sùn tán, èmi àti áísìkirimù ló ń ṣèpàdé. Òrùka lè dá ẹran dúró, ó lè dá búrẹ́dì dúró, ṣùgbọ́n áísìkirimù ò mọ̀ ọ́n rí, ńṣe ló ń yọ́ kọjá bí ẹni tó mọ ẹ̀yìnkùlé. Ṣokoléètì náà bẹ́ẹ̀. Ebi kọ́ ló sì ń pa mí. Ikùn mi dákẹ́. Ẹnu mi ni kò dákẹ́. Bí wọ́n bá bú mi níbi iṣẹ́, ẹnu á wá nǹkan. Bí ilé bá dá, ẹnu á wá nǹkan. Bí inú mi bá dùn, ó ń wá nǹkan!

Kàkà kí n jẹ́wọ́, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà lóṣù Ọwẹ́wẹ̀, mo ní òrùka ti dẹ̀. Ó wò mí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni mo ń jẹ. Mo ka ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ fún un bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka ìwé sórí. Ó fi ìdajì mìlílítà kún un. Ìyẹn kò ju nǹkan bí ẹ̀kán omi mẹ́wàá lọ. Omi tó wà nínú ife kọjá níbẹ̀, mo lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé mo ti rí ọlọ́pàá tuntun gbà.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹyin kò kọjá mọ́. Bí mo bá sùn sílẹ̀ lálẹ́, omi kíkan á padà wá sọ́fun mi, ikọ́ á jí mi, á jí ọkọ mi. Mo ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sùn. Ẹ sì wá wo ọgbọ́n mi: nítorí oúnjẹ gidi ò wọlé, áísìkirimù ló kù, mo bá tún ń jẹ ẹ́ sí i. Mo fún òrùka láti lé e lọ, òun nìkan ló wá kù nínú ilé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, itọ́ mi gan-an kò lọ mọ́. Wọ́n gbé mi lọ, wọ́n gún bọ́tìnnì, wọ́n fa omi jáde. Kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lára mi ni mo gbé itọ́ mì, mo sì gbọ́ bó ṣe lọ. Dókítà kò bá mi wí. Ó kàn ní àyè kan ṣoṣo ni òrùka yìí gbọ́dọ̀ wà, pé bí èébì àti fífún jù bá ń tẹ̀ lé ara wọn, ó lè yẹ̀, tó bá sì yẹ̀, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni. Mo jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀, tàwo tàwo.

Wọ́n fi òrùka sílẹ̀ ní dídẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ibẹ̀ lè sinmi. Mo fi kílò 2 sanra sí i. Wọ́n ní kí n máa rí obìnrin kan tó ń bá irú wa sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnu tó wá nǹkan sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo jẹ. Ìwé náà ti fẹ́ kún. Ojú ìwé mìíràn ń tì mí lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo gbà, pé àwọn tó ń sáré láàárọ̀ kò lórí méjì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá bá mi jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan péré." Wọn ò tíì wá. Ìyá mi ní tiwọn rò pé àìsàn kan ni mo ń fi pamọ́. Wọ́n fa awọ apá mi tó ti rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?" Ká sòótọ́, awọ yẹn kò dùn ún wò. Ikùn mi rọ̀ bíi báàgì tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò.

Àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ méjì ti di ọ̀kan, dókítà ló dín in. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ń dé mi, ó sì ń ṣẹ́kù. Mo tẹ̀ ba, mo so okùn bàtà fúnra mi lóṣù Bélú, mo tú u, mo tún un so.

Lóṣù yìí mo padà lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti to gbogbo nǹkan kalẹ̀, ó ti ń fi ìka wá bọ́tìnnì. Dókítà ní òṣùwọ̀n ń rọra lọ sílẹ̀, pé ṣé kí òun fi díẹ̀ kún un kó lè yá. Mo béèrè pé ṣé dandan ni. Ó ní rárá, ẹnu mi ló wà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, dókítà." Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ náà padà sínú àpótí láìtú u.