Ẹni tó ń bá mi ṣe é yàtọ̀ sí ẹni tó gbà á ṣe

Kí a tó bí àwọn ìbejì, mi ò ní ẹjọ́ kankan lórí iṣẹ́ ilé. Ọkọ mi ló ń ra gáàsì, òun ló ń fọ mọ́tò. Èmi ń dáná, mo ń fọṣọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ méjì wá dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ ètò tá à ń lò tẹ́lẹ̀ náà la ṣì ń lò.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12: 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, tẹ̀yìn ti pé. Mo tún ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ ní Súrùlérè, kí n lè tètè wọ dáńfó CMS ní Ojúẹlẹ́gba, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká mi mọ́ orí Afárá Èkó. Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ ti padà sílé. Láti ọdún 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ìsinmi ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni ni ọkọ mi wà, wọn ò fún un ní ọjọ́ kan. Ó dùn mí gan-an.

Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Tí mo bá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ fídà wọn," á fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, inú mi ò dùn, mi ò sì mọ ìdí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Táíwò ya ìgbẹ́ sára, Kẹ́hìndé ń ké, àgbá omi sì gbẹ táútáú. Mẹ́ruwà ti lọ sùn. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyá Ìbejì, kí ló dé tó ò sọ fún mi pé omi ti ń tán?"

Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, mo sunkún. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń rántí, èmi ni mò ń ránni.

Lọ́jọ́ Sátidé mo sọ fún un pé, "Ẹ má bá mi ṣe é mọ́. Ẹ gba ọ̀rọ̀ omi àti fídà pátápátá, kó kúrò lọ́kàn mi." Ó gbà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi tán lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa ẹnu mọ́, mi ò pe mẹ́ruwà. Èyí ló le jù fún mi, òun náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyàwó ilé gbìyànjú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára àgbá: tí omi bá ti dé ibẹ̀, á pe mẹ́ruwà.

Tí a bá kà á, iṣẹ́ tèmi ṣì pọ̀ jù tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo ń sùn. Tí ọmọ bá dé, tí iṣẹ́ bá bọ́, tí òbí bá wá ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ tètè jókòó tún un pín. Ẹ má dúró dìgbà tí ìjà bá dé.

Oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn ìbejì máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Lánàá, ọkọ mi ló kọ́kọ́ bi mí pé: "Aṣọ iléèwé wọn ńkọ́, ta ló máa gbà á?"